Ọ́fíìsì Nínú Ilé Tí Àyè Ò Gbà: Àwọn Ìbéèrè Tó Máa Ń Wá Lemọ́lemọ́

Báwo ni àyè ṣe gbọ́dọ̀ tó kó tó ṣeé fi ṣe ọ́fíìsì?

Kò tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù nìkan lẹ fi ń ṣiṣẹ́, tábìlì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, tó sì fẹ̀ ní 50 láti etí ọ̀dọ̀ yín dé ògiri, ti tó. (Gbogbo ìwọ̀n tó kù nísàlẹ̀ yìí, sẹ̀ǹtímítà ni, àfi níbi tá a bá ti sọ nǹkan míì.) Bí móńítọ̀ bá máa wà lórí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí fífẹ̀ yẹn dín ní 60, torí ojú gbọ́dọ̀ jìnnà sí móńítọ̀ tó gígùn apá kan. Ẹ wá fi 75 sílẹ̀ fún àga, kẹ́ ẹ lè tì í sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì dìde láìfẹ̀yìn gbo ohunkóhun. Àpapọ̀ ẹ̀ ò gba ilẹ̀ tó ti bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan.

Kì í ṣe tábìlì ló ń jẹ àyè. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí wọ inú yàrá, dúrọ́ọ̀ tó ń yọ síta àti àga tí kò wọ abẹ́ tábìlì ló ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gé páálí sí ìwọ̀n tábìlì tó wà lọ́kàn yín, ẹ tẹ́ ẹ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí, kẹ́ ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ gbálẹ̀, ẹ gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́ láìtan iná. Bẹ́ ẹ bá ń tẹ páálí yẹn mọ́lẹ̀ ṣáá, orúnkún lẹ máa fi máa gbá tábìlì fúnra ẹ̀.

Ibo nínú ilé ló dáa jù?

Ibi tí èèyàn kì í gbà kọjá, tó sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ṣòro kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé síbì kan. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ fi fèrèsé sílẹ̀, torí iná lè rọ́pò ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, àmọ́ kò sóhun tó ń rọ́pò kí àwọn ará ilé yé gba ẹ̀yìn yín kọjá.

Àwọn igun téèyàn kì í ronú sí ni: ẹ̀yìn àga ìjókòó inú pálọ̀, àlàfo tó wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ àti ògiri, abẹ́ àtẹ̀gùn, àti inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ fúnra ẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún aṣọ tí wọ́n ń fi hángà kọ́ sábà máa ń jìn tó 60, ìyẹn sì bá tábìlì mu rẹ́gí: ẹ yọ ọ̀pá tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, ẹ gbé pákó kan dábùú inú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa ilẹ̀kùn dé nígbà tíṣẹ́ bá parí. Abẹ́ àtẹ̀gùn nílò ìwọ̀n méjì, ìyẹn gíga orí yín lórí ìjókòó àti gíga ibi tẹ́ ẹ ti máa dìde. Ẹni tó bá wọn èyí àkọ́kọ́ nìkan á máa forí gbá àtẹ̀gùn lójoojúmọ́.

Ẹ jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná. Èéfín epo á lẹ̀ mọ́ fáànù inú kọ̀ǹpútà, eruku á sì lẹ̀ mọ́ epo yẹn.

Tábìlì àbí àga, èwo ni kí n kọ́kọ́ náwó lé?

Àga. Tábìlì lè jẹ́ pákó ilẹ̀kùn àlòkù lórí ẹsẹ̀ méjì, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára. Àga tí kò dáa ń ṣiṣẹ́ ibi tiẹ̀ lójoojúmọ́, ìbàdí lẹ máa fi sanwó ẹ̀.

Ohun mẹ́ta lẹ máa wò. Àkọ́kọ́, kí ìjókòó ẹ̀ ṣeé gbé sókè àti sísàlẹ̀, láàárín bíi 42 sí 52. Èkejì, bẹ́ ẹ bá jókòó tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì, kí ìka méjì sí mẹ́ta lè wọ àárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún yín. Bí kò bá gbà á, etí àga á máa tẹ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa kú tipiri. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ilé kékeré fi yàtọ̀: ẹ wọn ìgbápálé ẹ̀. Bí ìgbápálé bá ga ju abẹ́ tábìlì lọ, àga ò ní wọlé. Ìta lá á máa wà tọ̀sán tòru, á sì gba ilẹ̀ bíi 30 tẹ́ ò ní lò fún nǹkan kan. Àga tí kò ní ìgbápálé rárá sàn jù ú lọ.

Àga ìdí tábìlì oúnjẹ ni mo ní báyìí. Ṣé kò ṣeé lò ni?

Ó ṣeé lò fúngbà díẹ̀. Ẹ fi tìmùtìmù líle kan sórí ìjókòó ẹ̀ (èyí tó bá rọ̀ jù á rì), kẹ́ ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì kan rọ̀gbọ̀dọ̀, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn àga níbi tí ìbàdí ti tẹ̀ wọnú. Bí ẹsẹ̀ ò bá wá kanlẹ̀ dáadáa mọ́, ẹ gbé àpótí pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì jókòó kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó dìde, torí àga bẹ́ẹ̀ ò fàyè gba kéèyàn yí ìjókòó padà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé gíga tábìlì àti ti àga bára mu?

Ẹsẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe tábìlì. Ẹ jókòó kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì kanlẹ̀, kí itan yín tẹ́jú gbalaja. Ẹ jẹ́ kí èjìká yín wálẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ ìgúnpá bí igun ilé. Ibi tí ìgúnpá wà yẹn gan-an ló yẹ kí kíbọọ̀dù wà, tàbí kó rẹlẹ̀ sí i díẹ̀.

Tábìlì tí wọ́n ń tà sábà máa ń ga tó 72 sí 75, ìyẹn sì ga ju bó ṣe yẹ lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn kúkurú. Bó bá ga jù fún yín, ẹ má ṣe gbé èjìká sókè bá a. Ibẹ̀ ni ìrora ọrùn ti ń wá. Ẹ gbé àga sókè títí ìgúnpá á fi bá tábìlì dọ́gba, kẹ́ ẹ wá gbé nǹkan sábẹ́ ẹsẹ̀. Bó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ gé igi mẹ́rin tó dọ́gba sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kẹ́ ẹ sì gbẹ́ àárín igi kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tábìlì lè jókòó sínú ẹ̀. Tẹ́ ò bá gbẹ́ ẹ, tábìlì á yọ̀ kúrò lórí ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fara tì í.

Láptọ́ọ̀pù nìkan ni mo ní, ọrùn sì ń dùn mí. Kí ni kí n ṣe?

Ojú láptọ́ọ̀pù àti kíbọọ̀dù ẹ̀ so pọ̀ mọ́ra, nítorí náà kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e tí méjèèjì á fi wà níbi tó yẹ. Bí ọwọ́ bá rọgbọ, ọrùn á tẹ̀. Bí ọrùn bá nà, ọwọ́ á gbé sókè. Ẹ ra kíbọọ̀dù àti máòsì tó dá dúró, kẹ́ ẹ wá gbé láptọ́ọ̀pù lé ìwé títí etí òkè ojú ẹ̀ á fi bá ojú yín dọ́gba. Ó sábà máa ń gba ìwé tó ga tó 12 sí 18. Ẹni tó ń lo dígí alápá méjì, tó ń fi ìsàlẹ̀ ẹ̀ kàwé, kó gbé e wálẹ̀ ju ìyẹn lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa gbé àgbọ̀n sókè kó tó ríran.

Ẹ ṣọ́ra kí ìwé má dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà lábẹ́ ẹ̀. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn tẹ́ ẹ bá gbé e lé bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù: fáànù á máa hó, ẹ̀rọ á gbóná, á sì dín eré ara ẹ̀ kù kó má bàa jó. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù táwọn èèyàn ń sọ pé ó ti ń lọ́ra, ibi tí wọ́n gbé e lé ló fà á.

Ṣé kí n kọjú sí fèrèsé ni àbí kí n kẹ̀yìn sí i?

Ẹ má kọjú sí i, ẹ má sì kẹ̀yìn sí i. Tẹ́ ẹ bá kọjú sí i, ojú á máa bá oòrùn àti kọ̀ǹpútà wọ̀yá ìjà. Tẹ́ ẹ bá kẹ̀yìn sí i, ìmọ́lẹ̀ á máa hàn lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wo dígí. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, kí iná tábìlì ẹ̀ wà lápá òsì, kí òjìji ọwọ́ má bàa bo ohun tó ń kọ. Kí ẹni tó ń lo òsì yí i padà. Gílóòbù LED tí wọ́n kọ 4000K sí lára (nọ́ńbà yìí ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀) dáa fún iṣẹ́ ojúmọ́. 2700K máa ń pọ́n, ó dà bí iná ìrọ̀lẹ́, ó sì ń fa oorun.

Ìpàdé orí fídíò ló yàtọ̀. Iwájú ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bá ojú yín. Tẹ́ ẹ bá kẹ̀yìn sí fèrèsé, kámẹ́rà á rí yín bí òjìji lásán. Bí iná ò bá sí níwájú, ẹ yí iná tábìlì kọjú sí ògiri funfun tó wà lẹ́yìn móńítọ̀; èyí tó bá ta padà á tó, kò sì ní gún yín lójú.

Kí ni mo máa ṣe sí wáyà tó kún abẹ́ tábìlì wúruwùru?

Ẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò lára iná ná. Ẹ fi skúrúù kan ẹ̀kísítẹ́ńṣàn mọ́ abẹ́ tábìlì, kó kúrò nílẹ̀. Ìyẹn nìkan ti yanjú ìlàjì wàhálà, torí wáyà kan ṣoṣo lá á máa lọ sára ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ èyí tó gùn jù nínú wáyà kọ̀ọ̀kan po bíi nọ́ńbà 8, ẹ má ká a le dan-in, kẹ́ ẹ sì fi okùn alálẹ̀mọ́ tó ṣeé tú dè é. Èyí tó jẹ́ ike tí ẹ máa fi ọ̀bẹ gé kó tó tú, ẹ sá fún un. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gé e nínú òkùnkùn abẹ́ tábìlì, wáyà lẹ máa gé.

Ẹ lẹ bébà sí orí méjèèjì wáyà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Ó dà bí àṣejù títí dọjọ́ tẹ́ ẹ máa fa ráútà yọ láàárín ìpàdé.

Ṣé ẹ̀kísítẹ́ńṣàn kan lè gbé gbogbo ẹ̀?

Tọ́rọ̀ bá jẹ́ kìkì ẹ̀rọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Láptọ́ọ̀pù ń gba bíi wáàtì 65, móńítọ̀ onínṣì 24 ń gba 20 sí 30, ráútà ò ju bíi 10 lọ, iná tábìlì 10. Kò pé 150 lápapọ̀. Ohun tó ń ba ẹ̀kísítẹ́ńṣàn jẹ́ ni áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù oníná tàbí ẹ̀rọ amúlémóoru tí ẹnì kan wá kì bọ̀ ọ́, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gba 1000 sí 2000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ki ẹ̀kísítẹ́ńṣàn kan bọ òmíràn, ẹ má sì lo èyí tí wáyà ẹ̀ ṣì wà ní kíká nígbà tẹ́rù bá wúwo lórí ẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan orí pọ́lọ́ọ̀gì lẹ́yìn wákàtí kan. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá gbóná débi tẹ́ ẹ fi fa ọwọ́ yọ, nǹkan ti bà jẹ́ níbẹ̀.

Tíná bá lọ, UPS wo ló máa tó mi?

UPS ni àpótí bátìrì tó ń fún ẹ̀rọ níná tíná bá lọ. Ẹ ronú ohun tó nílò ẹ̀ gan-an. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tiẹ̀. Ráútà ni kò ní, òun ló sì ń já ìpàdé. UPS kékeré tó wà fún ráútà nìkan á gbé e fún wákàtí púpọ̀, àmọ́ ẹ ka ìwé tó wà lábẹ́ ráútà kẹ́ ẹ tó rà á: bí wọ́n bá kọ 12V síbẹ̀, 12V náà ni UPS gbọ́dọ̀ gbé jáde, kí ámpíà ẹ̀ tó tàbí kó jù ú lọ, kí ibi rere àti òdì orí wáyà ẹ̀ sì bára mu. Tí 12V bá wọ ráútà 5V, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Fún kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, ẹ mọ̀ pé VA, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára UPS, kì í ṣe wáàtì. Ọ̀pọ̀ UPS kékeré tí wọ́n kọ 600 VA sí lára, bíi 360 wáàtì ló lè gbé, bátìrì ẹ̀ ò sì ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí ẹrù tó wúwo. Ó wà kẹ́ ẹ lè fi iṣẹ́ pa mọ́ kẹ́ ẹ sì pa ẹ̀rọ, kò wà kẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ dalẹ́. Ẹ má ki prínńtà oníléésà bọ̀ ọ́ láé. Ìgbà tó bá fẹ́ mú ara ẹ̀ gbóná, ó lè fa wáàtì tó ń lọ sí 1000 lẹ́ẹ̀kan náà.

Wi-Fi ò dé igun tí mo gbé tábìlì sí.

Ẹ kọ́kọ́ gbé láptọ́ọ̀pù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń sáré. Tí kò bá sáré níbẹ̀ náà, igun yín ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ gbé ẹjọ́ lọ.

Bó bá sáré níbẹ̀, ẹ gbé ráútà sókè, síta gbangba, kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣàn àti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wo orúkọ méjì tí ráútà ń gbé jáde: 2.4 GHz ń la ògiri kọjá dáadáa ṣùgbọ́n kò yára púpọ̀, ẹ̀rọ máíkírówéèfù sì máa ń dà á láàmú. 5 GHz yára, àmọ́ ògiri méjì lè pa á. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tó ń ti Wi-Fi síwájú kó gbé e sí àárín ọ̀nà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gbé e sí igun tí Wi-Fi ò dé yẹn gan-an. Kí ló fẹ́ rí gbà tó máa tì síwájú?

Wáyà ṣì ni baba wọn. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cat 5e lásán ń gbé 1 gígábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan títí dé mítà 100, ó sì ṣeé tẹ́ gba ẹsẹ̀ ògiri lọ.

Mo fẹ́ so tábìlì tó ń ká mọ́ ògiri. Kí ló máa ń bà á jẹ́?

Ẹni tó fara tì í ni. Bẹ́ ẹ bá gbé ìgúnpá lé etí iwájú ẹ̀, ẹ ti sọ pákó di ọ̀pá tó ń fa skúrúù òkè yọ lára ògiri. Nítorí náà, ìdè ògiri ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Pákó tó nípọn ní mìlímítà 18, tó gùn ní 80, tó fẹ̀ ní 45, dáa. Ẹ lo irin apá tó ń ká méjì, tí kò kúrú ju 30 lọ, kẹ́ ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tó fi 15 wọlé láti etí. Ẹ fi omi inú rọ́bà tàbí ìwọ̀n tó lómi nínú fàlà sí ògiri. Ẹ má gbára lé ilẹ̀, torí ilẹ̀ púpọ̀ ò tẹ́jú. Lára ògiri búlọ́ọ̀kù, ẹ fi dìrílì mìlímítà 8 lu ihò, ẹ fẹ́ eruku inú ẹ̀ dànù, ẹ ti rọ́bà tó ń di skúrúù mú bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ lo skúrúù tó gùn ní mìlímítà 60 ó kéré tán. Ìrẹ́ ògiri lè nípọn ju mìlímítà 15 lọ, kò sì lágbára kankan. Inú búlọ́ọ̀kù ni skúrúù gbọ́dọ̀ dé. Ẹni tí kò fẹ́ eruku dànù á rí i pé rọ́bà ń yí pẹ̀lú skúrúù.

Bí ògiri bá jẹ́ pákó pélébé tó ṣófo lẹ́yìn, ẹ kàn án kẹ́ ẹ gbọ́ ìró ẹ̀: ibi tó bá ń dún kì-kì ni igi wà, ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ dè é mọ́. Ẹ má lu ògiri lókè tàbí nísàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà iná sábà máa ń gba ibẹ̀. Skúrúù tó sì ń wọ abẹ́ pákó, kó má ju mìlímítà 15 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀ á yọ lókè, á sì ya ọwọ́.

Ṣé apá irin tó ń gbé móńítọ̀ tó owó tí wọ́n ń pè é?

Lórí tábìlì tó fẹ̀ ní 50 sí 60, ó tó o, torí ẹsẹ̀ móńítọ̀ lè jẹ tó ìlàjì fífẹ̀ tábìlì. Ẹ wo ẹ̀yìn móńítọ̀ yín ná: ihò mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tí àlàfo wọn jẹ́ mìlímítà 75 tàbí 100. Bí kò bá sí, kò ní ṣeé so.

Ohun méjì ló máa ń dójú ti èèyàn níbẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi ṣe máa ń fọ́ níbi tí irin bá ti fún un. Ẹ fi pẹlẹbẹ igi líle tàbí irin sókè àti sísàlẹ̀ kí ìfúnpá ẹ̀ lè tàn káàkiri. Èkejì, tí apá yẹn bá ká, ìgúnpá ẹ̀ á yọ sẹ́yìn. Tí tábìlì bá lẹ̀ mọ́ ògiri, móńítọ̀ ò ní lè padà sẹ́yìn, ojú yín ló máa sún mọ́.

Mo ki wáyà USB-C bọ móńítọ̀, kò sí àwòrán.

Kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gbé àwòrán. Òmíràn wà fún ṣájà àti fáìlì nìkan. Ẹ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò láptọ́ọ̀pù, lẹ́tà DP tàbí àmì mànàmáná Thunderbolt, tó fi hàn pé ó ń gbé àwòrán, tàbí kẹ́ ẹ wo ìwé tó bá a wá. Wáyà fúnra ẹ̀ náà lè jẹ́ ti ṣájà lásán. Ẹ fi wáyà tó bá móńítọ̀ wá dán an wò kẹ́ ẹ tó bínú sí ẹ̀rọ.

Ariwo ilé ń wọ inú ìpàdé mi. Ṣé fóòmù ara ògiri máa dá a dúró?

Rárá o. Fóòmù ń pa gbohùngbohùn inú yàrá, kò ń dí ariwo ìta. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà wọlé ni ariwo ń gbà: abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ fi rọ́bà alálẹ̀mọ́ yí férémù ilẹ̀kùn ká, kẹ́ ẹ ká aṣọ nípọn sí abẹ́ ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohùn tiyín ló ń dún bí ẹni wà nínú kànga, aṣọ fèrèsé tó nípọn, kápẹ́ẹ̀tì àti pẹpẹ ìwé á ṣe é ju fóòmù lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé máíkì sún mọ́ ẹnu. Máíkì orí láptọ́ọ̀pù ń gbọ́ gbogbo ilé torí pé ó jìnnà sí yín. Èyí tó wà lára ẹ̀rọ etí, kó wà ní ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kó má ṣe wà níwájú ẹ̀, kí èémí má bàa máa fẹ́ sí i.

Àwa méjì la ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan, ìpàdé wa sì máa ń pàdé.

Ẹ kẹ̀yìn síra yín bí kámẹ́rà ò bá pọn dandan, torí ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa lọ jìnnà sí máíkì ẹnì kejì. Bí kámẹ́rà bá wà, ẹ̀yìn orí ẹnì kejì lá á máa hàn. Ẹ yáa to tábìlì méjèèjì sí igun, kí ọ̀kan wà lára ògiri yìí, kí èkejì wà lára ògiri tó bá a ṣe igun.

Ìṣòro tó le jù ni kẹ́ ẹ wà nínú ìpàdé kan náà. Máíkì ẹnì kan á gbọ́ ohùn tó ń jáde lára ẹ̀rọ ẹnì kejì, á dá a padà, á sì máa hu fííì títí ẹnì kan á fi jáde. Pípa máíkì nìkan ò tó, torí ohùn ẹ̀rọ yẹn ṣì ń dún sínú máíkì tó kù. Kí ẹ̀yin méjèèjì lo ẹ̀rọ etí, tàbí kí ẹnì kan pa máíkì àti ohùn tiẹ̀ pọ̀, kó sún àga ẹ̀ wá sídìí ẹ̀rọ kejì.